Hópà wo ni kí n rà sórí Tippmann 98? Ọta ń fọ́ sínú ìbọn mi nínú ọyẹ́ yìí

Ọmọ-Kúbwá · Ọjọ́ Ajé, 8:14 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi àti ẹ̀yin àbúrò. Ẹ kú ọyẹ́ o. Ọ̀rọ̀ hópà ni mo gbé wá, ike tí à ń da ọta péńtì sí lórí ìbọn paintball, eré tí à ń fi ọta péńtì yin ara wa. Ó ti fẹ́ mú eré yìí sú mi.

Kúbwá ni mò ń gbé. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni èmi àtàwọn ará ibi iṣẹ́ wa máa ń lọ ṣeré paintball. Tippmann 98 Custom ni ìbọn mi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló gbé e bọ̀ láti Amẹ́ríkà, ó ti lò ó dáadáa níbẹ̀ kó tó fún mi. Hópà tó bá a wá ò ní bátìrì, kò ní mọ́tò, ike lásán ni, ó ń gba ọta bí 200.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, mo ba sẹ́yìn táyà, mo rí ẹni tí mo fẹ́ yìn ún gan-an. Mo fa tírígà lẹ́ẹ̀mẹta, afẹ́fẹ́ nìkan ló ń jáde. Mo mi ìbọn, mo tún fà á, ni péńtì bá bẹ̀rẹ̀ sí í kán sí mi lọ́wọ́ láti ọrùn ìbọn. Nígbà tí mo yọ hópà, ọta mẹ́ta ló ti fọ́ síbẹ̀. Èèpo wọn lẹ̀ mọ́ra bí èèpo ẹ̀wà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó fún àkàrà, péńtì aláwọ̀ ewé sì ti bo gbogbo ọ̀fun ìbọn. Eruku ọyẹ́ tún bà lé e. Mi ò yin ọta kankan mọ́ títí a fi parí.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ ra hópà ńlá oníbátìrì, irú Dye Rotor tàbí Virtue Spire. Mo wo owó rẹ̀, ó fẹ́ẹ̀ tó owó ìbọn fúnra rẹ̀. Mo lè tu owó náà jọ tí mo bá fara balẹ̀, àmọ́ mi ò fẹ́ ná an tán kí ọta tún máa fọ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n rà?

---

Ìyá-Pápá · Ọjọ́ Ajé, 9:02 àárọ̀

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́ o. Má tíì ra nǹkan kan.

Mo ń yá àwọn èèyàn ní ìbọn paintball níhìn-ín, lápá Lugbe. Ìbọn 14 ni mo ní, kò sí hópà oníbátìrì lórí ìkankan nínú wọn. Àwọn ọmọ iléèwé, àwọn òṣìṣẹ́ báńkì, àwọn tó ń ṣe ọjọ́ ìbí, gbogbo wọn ni wọ́n ń lò wọ́n. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn hópà ike lásán ni pé kò sí ohun tó lè bàjẹ́ lára rẹ̀ yàtọ̀ sí ìdérí. Ọta ń fi ìwúwo ara rẹ̀ já bọ́ sínú ìbọn. Bí ó bá há, o mi ìbọn díẹ̀, ó já.

Ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ rẹ ni pé o ò sọ̀rọ̀ ọta rárá. Èèpo ọta péńtì, gelatin ni, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe kápúsù oògùn rírọ̀. Gelatin ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Lásìkò òjò ó máa ń wú, ó máa ń rọ̀, ó máa ń há lọ́rùn hópà. Nínú ọyẹ́, afẹ́fẹ́ fa gbogbo omi ara rẹ̀ mu, ó wá le gan-gan, ó ń fọ́ bí ìkarahun ẹyin. Kò sí hópà tí a ṣe tó lè sọ ọta tó ti gbẹ di tútù.

Ṣe nǹkan mẹ́ta yìí fún mi. Mú ọta mẹ́wàá nínú àpò tó o lò. Yí wọn lórí tábìlì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ń lọ tààrà dára. Èyí tó bá ń yẹ̀ gẹ́gẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ti di ẹyin, kò rí róbótó mọ́. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí wọ́n já bọ́ láti ibi àyà rẹ sórí táìsì. Ọta tó dára a ta padà sókè, ọta tó ti gbẹ a fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀kẹta, yọ gáàsì tó ń ti ọta jáde kúrò lára ìbọn, yin ìyókù afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dànù, kó o tó fi tọ́ọ̀ṣì wo ọrùn ìbọn. Má ṣe gbójú wo inú ìbọn tó ṣì ní gáàsì lára, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́.

Padà wá sọ ohun tó o rí.

---

Akẹ́kọ̀ọ́-Zaria · Ọjọ́ Ajé, 9:40 àárọ̀

Ìyá, ẹ ṣé o. Èmi náà ti rò pé hópà mi ló bàjẹ́ láti Kérésìmesì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ já ọta márùn-ún sílẹ̀ nísinsìnyí, mẹ́rin fọ́. Gbogbo yàrá ti di àwọ̀ òféèfèé. Inú báàgì tí kò ní sípù ni mo tọ́jú wọn sí láti oṣù Kọkànlá.

---

Ará-Jos · Ọjọ́ Ajé, 11:25 àárọ̀

Ìyá-Pápá, ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo gbà pẹ̀lú yín lórí ọ̀rọ̀ ọta, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n gbèjà hópà oníbátìrì díẹ̀, kí àbúrò wa má baà rò pé owó ìfiṣòfò ni.

Jos ni mo wà, ẹ̀yin náà sì mọ bí òtútù àti ọyẹ́ ibí ṣe rí. Ìbọn oníná, èyí tó ń fi bátìrì yìn, ni mò ń lò, Rotor ló wà lórí rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ rèé. Nínú hópà ike lásán, ọta méjì lè jọ dé ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n fèjìká ti ara wọn, kí ìkankan má wọlé. Ẹ̀yin ń fa tírígà, irin inú ìbọn ń lọ síwájú, kò bá ọta. Èyí tó tún burú ni pé tí ọta bá wọlé ní ìdajì, irin yẹn á gé e sí méjì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ọmọ-Kúbwá nìyẹn ní tèmi, ọta lè má gbẹ rárá kó sì fọ́ bẹ́ẹ̀.

Hópà tó ń ti ọta, bíi Rotor, kì í dúró de ìwúwo ọta. Mọ́tò ń yí àwo inú rẹ̀, ó ń ti ọta sísàlẹ̀ láìdáwọ́ dúró, ọta kan wà lẹ́nu ọ̀nà ní gbogbo ìgbà. Bí ọta bá há, ohun kan wà nísàlẹ̀ Rotor tí èèyàn ń fi ìka fà, ó ń tú u láìtú hópà palẹ̀. Bátìrì AA mẹ́ta ló ń lò. Láti ìgbà tí mo ti gbé e lé ìbọn, mi ò mi ìbọn lójú ìjà rí. Ẹ mọ̀ pé bí ẹ bá ń mi ìbọn lẹ́yìn táyà, hópà yín ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí, òun náà ni wọ́n máa yìn.

Tí owó bá wà, ó yẹ kó rà á.

---

Ìyá-Pápá · Ọjọ́ Ajé, 11:51 àárọ̀

Ará-Jos, ìbọn oníná ni tìrẹ. Tippmann 98 ni tirẹ̀. Mi ò jiyàn pé Rotor dára. Ohun tí mò ń bi ọ́ ni pé ọta mélòó ni ìka ọmọ yìí lè yìn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan?

---

Ẹ̀gbọ́n-Gwarinpa · Ọjọ́ Ajé, 2:10 ọ̀sán

Ìbéèrè Ìyá-Pápá yẹn ló yẹ kí gbogbo ẹni tó fẹ́ ra hópà kọ́kọ́ dáhùn. Mo ti ń tún ìbọn wọ̀nyí ṣe fún àwọn ọ̀rẹ́ mi fún ọdún mélòó kan, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń ṣe ìṣirò rẹ̀.

Ìbọn tí kò ní iná, tí ìka nìkan ń fà, ọta márùn-ún sí mẹ́jọ ni èèyàn tó ní ìka yíyára lè yìn nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọ̀pọ̀ wa ò tiẹ̀ dé márùn-ún. Hópà ike lásán lè fún ìbọn ní bíi mẹ́jọ nígbà tí gbogbo nǹkan bá lọ dáadáa, àmọ́ kì í lọ dáadáa nígbà gbogbo, pàápàá nígbà tí ọta inú rẹ̀ bá ti dín sí ìdajì. Hópà tó ní bátìrì àti ọ̀pá kékeré tó ń ro ọta nínú, bí ẹni ń ro ọkà, ń fún un ní bíi mẹ́wàá sí méjìlá. Èyí tó ń ti ọta, bíi Rotor àti Spire, kọjá 20 dáadáa. Nínú àwọn ìdíje ńlá ní Amẹ́ríkà, nǹkan bíi mẹ́wàá ni wọ́n fi òpin sí fún ìbọn oníná. Ẹni tó bá fi hópà tó ń ti ọta sórí Tippmann 98 ti ra ẹ̀rọ tó lágbára ìlọ́po mẹ́ta sí ohun tó máa lò.

Agbára yẹn náà tún lè bà á jẹ́. Nínú ọrùn ìbọn, rọ́bà kékeré kan wà tó ń dá ọta dúró kí méjì má baà wọlé lẹ́ẹ̀kan. Nínú ìbọn tó ti pẹ́, rọ́bà yẹn máa ń jẹ. Hópà ike lásán ò lágbára láti ti ọta kọjá a. Hópà tó ń ti ọta á ti èkejì wọlé lé ti àkọ́kọ́ lórí, irin á sì gé e. Mo ti rí i lójú mi lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ni ìbọn bínú sí hópà, hópà ò sì jẹ̀bi.

Tippmann 98 Custom tún ní nǹkan tirẹ̀. Hópà kì í jókòó tààrà lórí àwọn ti àtijọ́, ìgbọ̀nwọ́ ike kan ló wà láàárín, tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ibi tí ó ti tẹ̀ yẹn ni ọta ti máa ń lọ́ra, ibẹ̀ náà ni èèpo ọta àná ń lẹ̀ mọ́. Ọmọ-Kúbwá, tú ìgbọ̀nwọ́ yẹn. Mo fẹ́ẹ̀ lè búra pé wàá rí nǹkan níbẹ̀. Wò ó bóyá ó ti là. Kí o sì wo bí ọrùn hópà ṣe wọ inú rẹ̀. Bó bá ń mì, fi téèpù dúdú àwọn oníná yí ọrùn hópà ní ìgbà kan tàbí méjì kó lè mú.

Ará-Jos, mo mọ̀ pé o fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ Tippmann A-5, ìbọn mìíràn, àti Cyclone rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń kó ọta wọlé. Òótọ́ ni, ẹ̀rọ yẹn ń fi afẹ́fẹ́ ìbọn fúnra rẹ̀ yí ọta wọlé láìlo bátìrì, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Àmọ́ ara ìbọn yẹn ni wọ́n ti kọ́ ọ mọ́.

Ohun kan tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ tó bá ń kó owó jọ fún hópà: eré paintball àkọ́kọ́ tí a mọ̀, ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹfà, ọdún 1981, nínú igbó kan ní Henniker, New Hampshire, èèyàn 12 ló ṣe é. Nel-Spot 007 ni wọ́n lò, ìbọn tí àwọn òṣìṣẹ́ igbó àti àwọn olówò màlúù fi ń sàmì sí igi àti màlúù. Kò sí hópà rárá. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń fa irin ìbọn kí wọ́n tó lè yin ọta kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó gba ipò kìíní, òṣìṣẹ́ igbó ni, kò yin ọta kankan títí eré fi parí, ó kàn ń yọ́ láàárín igi títí ó fi kó gbogbo àsíá.

---

Ará-Jos · Ọjọ́ Ajé, 3:05 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ rọ́bà yẹn, mi ò rò ó débẹ̀. Tèmi ní ojú iná tó ń wo ọta kí ìbọn tó yìn, ọta ìdajì ò lè gbà kọjá. Mo ti gbàgbé pé 98 ò ní irú ẹ̀.

Nígbà náà, hópà tó ń ro ọta ni mo dìbò fún, tí rọ́bà bá dára.

---

Ọmọ-Kúbwá · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:30 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin òbí mi. Mo ṣe gbogbo ohun tí ẹ ní kí n ṣe lálẹ́ àná. Nítorí iná tó lọ, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ṣe é.

Ọta mẹ́wàá: mẹ́fà ló yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ lórí tábìlì. Ọ̀kan tiẹ̀ ní ojú pẹlẹbẹ tí mo lè fi èékánná mọ̀. Àpò náà ti jókòó sí ìsàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù mi láti oṣù Kẹwàá láìyí padà, àwọn tó wà nísàlẹ̀ sì ti gbé ẹrù àwọn tòkè. Nígbà tí mo jù wọ́n sílẹ̀, méje fọ́.

Mo yọ gáàsì, mo yin afẹ́fẹ́ tó kù dànù, mo tú ìgbọ̀nwọ́ ike. Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín ṣẹ! Nínú ibi tó tẹ̀ yẹn, èèpo ọta gbígbẹ ti di ìpele ìpele, ó le bí gọ́ọ̀mù tó ti gbẹ sórí ìwé. Mo fi ìka kàn án, ẹnu rẹ̀ mú. Àwọn kan nínú rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ pupa, èmi ò sì ra ọta pupa rí, ti ẹ̀gbọ́n mi ni nígbà tó wà ní Amẹ́ríkà! Gbogbo ọta tí mo ti ń yìn láti ọdún tó kọjá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń há ara wọn láyà kọjá.

Ìgbọ̀nwọ́ náà ò là. Rọ́bà inú ọrùn ìbọn ṣì wà, àmọ́ mi ò mọ̀ bóyá ó ti jẹ. Báwo ni mo ṣe lè mọ̀? Kí sì ni kí n fi fọ èyí tó ti gbẹ yìí? Pẹtiróòlù wà nílé.

---

Ẹ̀gbọ́n-Gwarinpa · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:52 àárọ̀

Má fi pẹtiróòlù kàn án! Má fi tínà, má fi òróró inú agolo oníkùùkùù kankan. Púpọ̀ nínú ike hópà àti ti ìbòjú, wọ́n ń là lára nígbà tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá kàn wọ́n, o ò sì ní tètè rí i. Omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ni. Gelatin ń yọ́ nínú omi gbígbóná díẹ̀. Rì ìgbọ̀nwọ́ yẹn sínú abọ́ fún bíi ìṣẹ́jú 20, fi búrọ́ọ̀ṣì eyín tó ti pẹ́ ha á, fi aṣọ gbígbẹ nù ún, kó o jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Bí ọ̀rinrin bá kù nínú rẹ̀, ọta tuntun á tún lẹ̀ mọ́ ọn.

Fún rọ́bà, láìsí gáàsì lára ìbọn, fa irin rẹ̀ sẹ́yìn, ju ọta kan tó rí róbótó sínú ọrùn, wá doríkodò ẹnu ìbọn sísàlẹ̀. Kí ọta dúró ni. Bó bá yọ̀ lọ sínú báréèlì, ọ̀pá ẹnu ìbọn, fúnra rẹ̀, rọ́bà ti jẹ. Rọ́bà yẹn kéré, owó rẹ̀ kò tó nǹkan, àwọn tó ń kó ìbọn wọlé máa ń ní i.

---

Ọmọ-Ìlọrin-ní-Kánò · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:18 àárọ̀

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ eruku kún un, nítorí Kánò ni mo wà, eruku ibí kì í ṣe ọ̀rẹ́ mọ́tò.

Mo ní hópà tó ń ro ọta, bátìrì 9 volt onígun mẹ́rin ló ń lò, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fẹ́ràn rẹ̀ torí bátìrì yẹn wà níbi gbogbo, ó wà ní Sabon Gari níhìn-ín, ó wà lọ́jà Wuse lọ́dọ̀ yín. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ó bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹni ń lọ ata gbígbẹ. Mo tú u, iyanrìn tó kún ẹsẹ̀ mọ́tò tó síbí tíì kan. Láti ìgbà yẹn, mo máa ń fi aṣọ rírọ̀ nù ún lẹ́yìn gbogbo eré, mo sì máa ń dé e lójú títí ìgbà tí mo bá fẹ́ da ọta sí i. Tí eruku bá bà lé ọta, ẹ má fọ̀ ọ́ lómi o. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún, kí ẹ sì ju èyí tó bá ní iyanrìn lára nù, á ha báréèlì.

Ẹ̀ẹ̀kan, ẹnì kan ra hópà nílé ìtajà kan, ó dára, ó dán, ó dé, ó rí i pé ọta ínṣì .50 ni wọ́n ṣe é fún, ìyẹn àwọn kékeré tí àwọn ọmọdé ń lò. Ìbọn rẹ̀ sì ń lo .68, bíi milímítà 17. Ọta ò lè gba ibẹ̀ já. Ẹ ka ohun tó wà lára páálí kí ẹ tó sanwó.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí Ọmọ-Kúbwá gbọ́. Ìbọn paintball jọ ìbọn gidi lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, àwọn ṣójà sì wà lójú ọ̀nà wa. Yọ hópà, yọ sìlíńdà gáàsì, yọ báréèlì, kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí tó ní ìdérí, gbé e sí búùtù. Bí wọ́n bá dá ọ dúró, fọwọ́ sókè níbi tí wọ́n ti lè rí i, sọ ohun tó wà ní búùtù fún wọn kí wọ́n tó ṣí i. Má gbé e sí ìjókòó ẹ̀yìn láéláé. Àbúrò mi kan ṣe é lẹ́ẹ̀kan, wákàtí méjì ni wọ́n fi dá a dúró nínú oòrùn.

---

Ìyá-Pápá · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:40 ọ̀sán

Ọlọ́run á ṣọ́ wa lójú ọ̀nà.

Ọmọ-Kúbwá, ó dùn mọ́ mi pé o ṣe ohun tí a sọ kó o tó náwó. Nísinsìnyí, da àwọn ọta yẹn nù. Mo mọ̀ pé ó ń dun èèyàn. Páálí kan ń ní 2,000, àpò mẹ́rin tó jẹ́ 500, owó gidi sì ni. Àmọ́ ọta tó ti gbẹ, bó ò bá fọ́ nínú hópà, á fọ́ nínú báréèlì. Bó bá sì jàjà jáde, ó ti yí padà, á lọ gba ibòmíràn.

Bí mo ṣe ń tọ́jú tèmi nìyí. Inú ike tó ní ìdérí tó mú dáadáa ni wọ́n ń wà, nínú yàrá tí oòrùn ò dé. Kì í ṣe fíríìjì, kì í ṣe búùtù mọ́tò. Ní oṣù Kẹta tí ooru Àbújá bá mú, ọta tó bá sùn ní búùtù mọ́tò á rọ̀ bí dòdò. Mo máa ń yí àpò wọn dojúdé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí èyí tó wà nísàlẹ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ ẹrù. Àpò tí mo bá ti ṣí nínú ọyẹ́, mo máa ń yìn ín tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Wá sọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mo ní àpò tuntun. Jẹ́ ká fi hópà rẹ dán an wò.

---

Ẹ̀gbọ́n-Gwarinpa · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:15 ọ̀sán

Èmi náà á wá. Mo ní hópà oníbátìrì kan tó ń ro ọta, mi ò lò ó mọ́. Màá gbé e dání. Fi méjèèjì yin ọta kan náà lójú kan náà, kó o wá fi ojú ara rẹ rí ìyàtọ̀.

---

Ará-Jos · Ọjọ́bọ̀, 8:20 alẹ́

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lórí bátìrì kí ẹ tó lọ. Bátìrì ayédèrú pọ̀ lọ́jà, òtútù sì máa ń tètè mú un sùn. Èyí tí a kọ alkaline sí lára ni kí ẹ rà, kí ẹ sì fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n. Èyí tó bá fúyẹ́ bí páálí, ẹ dá a padà. Èyí tí à ń chaji, 1.2 volt ni tirẹ̀ nígbà tí ti alkaline jẹ́ 1.5, àwọn hópà mìíràn ò sì fẹ́ràn rẹ̀, ẹ ka ìwé tó bá hópà wá. Ẹ máa yọ bátìrì kúrò lẹ́yìn eré. Mo ti rí hópà tí omi bátìrì jẹ gbogbo irin inú rẹ̀ láàárín òjò kan sí ọyẹ́.

---

Ọmọ-Kúbwá · Ọjọ́ Àìkú, 4:45 ìrọ̀lẹ́

Mo ti dé o. Lugbe ni gbogbo wa wà lánàá. Ẹ ṣé gan-an, Ìyá-Pápá, fún oúnjẹ tí ẹ fi ṣe wá lálejò.

A bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú hópà ike mi, ìgbọ̀nwọ́ tí mo ti fọ̀, téèpù dúdú yíká ọrùn hópà lẹ́ẹ̀mejì, àti ọta tuntun. Ọta 200 ni mo yìn sí pákó. Kò sí ọ̀kan tó fọ́ nínú ìbọn. Ọ̀kan kò fọ́! Àmọ́ nígbà tí hópà kù sí ìdajì, afẹ́fẹ́ lásán jáde lẹ́ẹ̀mẹrin nígbà tí mo fa tírígà kíákíá. Mo mi ìbọn, ó tún dára.

A wá gbé hópà Ẹ̀gbọ́n lé e. Ẹ ń gbọ́ bí ọ̀pá inú rẹ̀ ṣe ń ro ọta, tìkì-tìkì-tìkì. Mo tún yin 200. Afẹ́fẹ́ lásán kò jáde rárá, bí mo ṣe ń sáré fà á tó. Ọta kan fọ́. Ẹ̀gbọ́n yọ ọ́ jáde, ó wò ó, ó ní ọ̀pá yẹn ló gbá a lára. Ó ní nínú ọyẹ́, kí n máa wo ọta dáadáa kí n tó dà á sínú èyí tó ń ro ọta.

A tún dán rọ́bà wò. Ọta dúró, kò yọ̀. Ẹ̀gbọ́n ní ó ṣì máa pẹ́ díẹ̀.

Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, a pín ara wa sí ìsọ̀rí méjì, a ṣeré gidi. Hópà ike mi ni mo lò. Mo ba sẹ́yìn táyà bíi ti ìjelòó, mo dúró títí ẹni tí mo ń ṣọ́ fi yọ orí, mo yin ọta méjì péré. Ó gbọwọ́ sókè, ó jáde.

Mo ra hópà Ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, owó tí kò tó ìdá mẹ́rin ti Rotor. Àsìkò òjò ni màá máa lò ó, nígbà tí ọta bá wú tí ó sì fẹ́ máa há. Tí ọyẹ́ bá dé, hópà ike ni. Owó tó kù, mo fi ra ọta tuntun àpò méjì àti ike onídèérí tó mú. Mo ti kọ "yí àpò" sí ara kàlẹ́ńdà lójú ògiri, gbogbo ọjọ́ Àìkú.

---

Akẹ́kọ̀ọ́-Zaria · Ọjọ́ Àìkú, 5:10 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú oríire o! Ẹ jọ̀ọ́, ìbọ̀ ẹnu báréèlì, èyí tí à ń fi bo ẹnu ìbọn kí ọta má baà ṣèèṣì jáde, wo ni ẹ ń lò? Tèmi ti ya, wọn ò sì ní jẹ́ kí n wọ pápá láìní i.

---

Ìyá-Pápá · Ọjọ́ Àìkú, 5:33 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ mi, wọ́n ṣe dáadáa bí wọn ò ṣe jẹ́ kó o wọlé. Onírọ́bà tó ń lọ yí ẹ̀yìn ìbọn ni kó o rà, kì í ṣe ike tí à ń kì bọ ẹnu báréèlì lásán. Mo ní méjì tí mi ò tíì lò, tí ẹnì kan bá ń lọ sí Zaria lọ́sẹ̀ yìí, màá fi rán an sí ẹ.